Ẹ̀rí Átọ́ọ̀mù àti Ìtàn Òwò Ẹrú ní Gberefu: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, Tobias Skowronek àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú jọ́nà PLOS ONE lórí mànílà, ìyẹn ẹ̀gbà idẹ tí àwọn Òyìnbó fi ń ṣòwò ẹrú àti eyín erin ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mànílà 67 ni wọ́n yẹ̀ wò. Inú àwọn ọkọ̀ tí ó rì ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú wọn, àwọn yòókù wá láti inú ilẹ̀ ní Sweden, Gánà àti Sierra Leone. Ó tọ́ kí olùkọ́ tí ó wà ní agbègbè Àgbádárìgì bi iṣẹ́ náà léèrè ohun tí ó lè sọ nípa Gberefu, erékùṣù tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹrú ti fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ yìí kẹ́yìn.

Ọ̀nà ìwádìí náà ní ìpìlẹ̀ tí ó dájú. Ní ọdún 1860, Bunsen àti Kirchhoff ní Jámánì fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ tí irin kọ̀ọ̀kan ń tàn nínú iná yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ní ọdún 1955, Alan Walsh ní Ọsirélíà lo ìmọ́lẹ̀ tí átọ́ọ̀mù ń gbé mì láti fi wọn iye irin tí ó wà nínú nǹkan. Ẹ̀rọ òde òní tí wọ́n ń pè ní ICP-MS kò wo ìmọ́lẹ̀ rárá: gáàsì argon tí ó gbóná dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwọ̀n Celsius ni ó fi ń tú nǹkan sí átọ́ọ̀mù, ìwúwo ni ó sì fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Òjé ní oríṣi mẹ́rin, tí ìwúwo wọn jẹ́ 204, 206, 207 àti 208. Ìwọ̀n bí wọ́n ṣe pọ̀ sí ara wọn yàtọ̀ láti ibi ìwakùsà kan sí òmíràn, yíyọ́ nínú iná kì í sì í yí i padà.

Ẹ̀rí yìí ni ó tọ́ka sí agbègbè odò Rhine ní Jámánì, ó sì bá ti ọ̀pọ̀ ère Ìbíní mu. Àdéhùn tí ìdílé Fugger ti Jámánì bá ọba Pọtogí ṣe lórí mànílà ní ọdún 1548 tún gbè é lẹ́yìn. Títí dé ibí yìí, iṣẹ́ náà yanrantí. Ewu wà nínú bí àwọn òǹkàwé kan ṣe ń lò ó, bí ẹni pé Jámánì ni ó ni ère. Ẹni tí ó ta amọ̀ kọ́ ni ó mọ ìkòkò. Bákan náà, tí ẹni tí ó bá po idẹ ibi méjì pọ̀ bá yọ́ wọn, ẹ̀rí òjé yóò dàrú. A sì gbọ́dọ̀ rántí pé àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938 ti wà kí Pọtogí tó dé. Mànílà orí omi kò lè ṣàlàyé wọn.

Ní ti Gberefu gan-an, owó ẹyọ ni ó gbajúmọ̀ jù ní etíkun náà, Maldives nínú Òkun Íńdíà sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Ẹni tí ó bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé idẹ Rhine ni wọ́n fi ra gbogbo ẹrú Gberefu ti sọ ju ohun tí ìwádìí sọ lọ.

Ọ̀rọ̀ kànga tí ó wà lójú ọ̀nà etíkun náà le jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní omi rẹ̀ ni wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Bí ẹnìkan bá gbé omi náà lọ sí yàrá ìwádìí lónìí, ẹ̀rọ yóò ka òjé, irin àti iyọ̀ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé àti egbò kò ní dá yàtọ̀ lójú rẹ̀, nítorí pé ó ti tú wọn sí kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn kí ó tó kà wọ́n. Omi òní kì í sì í ṣe omi ìgbà náà. Òjò àti iyanrìn ti pààrọ̀ rẹ̀ láìmọye ìgbà. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ kò bá rí nǹkan kan, kò sọ ìtàn náà di irọ́. Bí ó bá sì rí òjé, kò sọ ọ́ di òótọ́.

Ibi tí ẹ̀rọ náà ti lè wúlò ni ara àwọn ohun èlò tí ó kù, bíi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí ó wà nínú ilé àkójọpọ̀ ìdílé Mobee ní Àgbádárìgì. Lésà lè bu ohun tí ojú kò rí lára irin láìgé e, bí àwọn tí ó ni í bá kọ́kọ́ yọ̀ǹda rẹ̀.