Ọwọ́ Teguntegun

Iṣẹ́ teguntegun wù mí púpọ̀. Ìka ló fi ń wá ibi tí egungun ti ṣẹ́ lábẹ́ ẹran ara. Á tò ó kí orí méjèèjì pàdé, á sì fi pẹlẹbẹ oparun dè é.

Ìyókù di ti ara. Ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ dì síbẹ̀, egungun rírọ̀ á hù dí àlàfo náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ egungun á wá fi kálísíọ́mù mú un le. Àwọn mìíràn á máa jẹ èyí tó pọ̀ jù kúrò, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ti ọmọdé máa ń tètè jiná.

Èyí tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni teguntegun tó mọ̀ pé ìdè tó fún jù lè pa ẹsẹ̀, tó ń yẹ ọmọ ìka aláìsàn wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì ń débẹ̀, tó sì ń tètè darí ẹni tí egungun rẹ̀ yọ síta sí ọsibítù.