Sílébù àti Mọ́fíìmù nínú 'Láìròtẹ́lẹ̀'

Sílébù márùn-ún àti mọ́fíìmù mẹ́rin ni unexpectedly ti Gẹ̀ẹ́sì ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni láìròtẹ́lẹ̀ tí a fi ń túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lái-rò-tẹ́-lẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ó kó bá wọn. Fáwẹ́lì méjì kì í wà nínú sílébù kan ní Yorùbá. Ohùn òkè wà lórí á, ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí ì: lá-ì-rò-tẹ́-lẹ̀.

Mọ́fíìmù rẹ̀ ni ní + àì + rò + tẹ́lẹ̀. Ìpajẹ mú fáwẹ́lì ní lọ, n di l, ohùn òkè bọ́ sórí a. Mọ́fíìmù méjì ni ó pín lá!

Ẹ̀yin olùyẹ̀wéwò, mẹ́rin àṣìṣe yẹn bá iye mọ́fíìmù dọ́gba. Ẹ bèèrè ìpín, kì í ṣe iye nìkan.