ÀGBÉYẸ̀WÒ ÀPILẸ̀KỌ NÍNÚ JỌ́NÀ ÒFIN: TA NI ADÁJỌ́, TA NI OLÙJẸ́JỌ́?

Bí a bá rí àpilẹ̀kọ kan nínú jọ́nà òfin, èrò tí ó kọ́kọ́ máa ń sọ sí wa lọ́kàn ni pé àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé náà ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú bébà yìí ni pé èrò yìí kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tí ó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹni tí ó ń ṣe àgbéyẹ̀wò, bí kò ṣe pé kò pọn dandan fún un láti sọ ìdí tí ó fi dájọ́ bí ó ti dá a. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Àwọn olùkọ́ òfin kò ní bá wa jiyàn lórí èyí. Àwọn gan-an ni ó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé a gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ẹni tí a fẹ́ dá lẹ́jọ́. Nínú jọ́nà wọn ńkọ́?

Ìlànà méjì ni ó gbajúmọ̀. Èkíní ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí jọ́nà òfin ti wà lọ́wọ́ àwọn àgbà nínú iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: Frederick Pollock ni olóòtú àkọ́kọ́ fún Law Quarterly Review ní 1885. Nínú ọ̀pọ̀ irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ lónìí, olóòtú ni yóò kọ́kọ́ ka iṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́. Púpọ̀ kì í kọjá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tí ó bá kọjá, a ó yọ orúkọ òǹkọ̀wé kúrò lára rẹ̀, a ó sì fi í ránṣẹ́ sí onímọ̀ kan tàbí méjì tí ẹ̀ka náà yé. Àwọn náà yóò kọ ìròyìn: kí a gbà á, kí a dá a padà fún àtúnṣe, tàbí kí a kọ̀ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ yìí. Òǹkọ̀wé kò sì gbọdọ̀ fi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ síbòmíràn títí èsì yóò fi dé.

Èkejì ni ti Amẹ́ríkà, òun ni ó sì máa ń ya àwa ará ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn lẹ́nu. Láti 1887 tí Harvard Law Review ti bẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń ṣe olóòtú rẹ̀; bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú jọ́nà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òfin ibẹ̀ títí di òní. Ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì gboyè lè máa ṣe ìpinnu lórí iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ti kọ́ni fún ogún ọdún. Òǹkọ̀wé lè fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí jọ́nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá gbà á, tí ó sì dá ọjọ́ fún un, yóò kọ̀wé sí èyí tí ó lórúkọ jù bẹ́ẹ̀ lọ pé kí wọ́n tètè wò ó, pé ẹnìkan ti nawọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí a pè é bí ó ti jẹ́: ọ̀rọ̀ ọjà nìyí. Lóòótọ́, àwọn kan nínú jọ́nà wọ̀nyí ń bi olùkọ́ léèrè kí wọ́n tó gba iṣẹ́, àwọn kan sì ń fi orúkọ òǹkọ̀wé pamọ́, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ní ìpinnu.

Kí a má ṣe purọ́ mọ́ àwọn ọmọ náà o. Bí wọ́n bá ti gba iṣẹ́ tán, wọn a máa wá gbogbo ìwé àti ìdájọ́ tí a tọ́ka sí nísàlẹ̀ ìwé kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti rí i pé ohun tí òǹkọ̀wé ní ó wà níbẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ni ó ni Bluebook, ìwé ìlànà ìtọ́kasí tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1926. Ó ṣọ̀wọ́n kí onímọ̀ tí ń ṣe àgbéyẹ̀wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú làálàá yìí. Nígbà tí Fred Rodell, olùkọ́ òfin ní Yale, kọ àríwísí líle ní 1936 tí ó fi dágbére fún irú jọ́nà bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn méjì ni ó fi kàn wọ́n: ọ̀nà ìkọ̀wé wọn àti ohun tí ó wà nínú wọn. Virginia Law Review ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde, jọ́nà akẹ́kọ̀ọ́. Kò dá mi lójú pé ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ì bá gbà á.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tí a ń fi pamọ́ gba àlàyé díẹ̀. Òǹkọ̀wé òfin a máa tọ́ka léraléra sí iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀ka náà bá kéré, a ó dá a mọ̀ bí a ti ń fi ìrìn dá eégún mọ̀ lágbo. Òǹkọ̀wé ní tirẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi dá ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò mọ̀, nítorí náà adájọ́ ni agọ̀ náà bò jù. N kò sọ pé kí a ká a kúrò lára rẹ̀. Ọ̀dọ́ olùkọ́ tí a bá ní kí ó yẹ iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ wò ní gbangba kò ní lè sọ òótọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé eégún a máa fọhùn.

Ẹ wo ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí àwọn amòfin ilẹ̀ wa mọ̀ dáadáa. Ọkùnrin kan kú ní Èkó láìṣe ìwé ìpíngún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni kí a fi pín ogún náà, kí ojúlé ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀? Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ìdí-igi kò bá ìgbà mu mọ́. Ní 1958, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ yí ìdájọ́ náà padà; ní 1962, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù fara mọ́ ìyípadà yìí. A lè bá èyíkéyìí nínú wọn jiyàn, nítorí pé olúkúlùkù kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ìlà kan ni adájọ́ àkọ́kọ́ kọ, pé ó dun òun pé òun kò lè gba ẹjọ́ náà rò, kí ni ilé-ẹjọ́ kejì ì bá rí gbé yẹ̀ wò?

Ká ní olùkọ́ kan wá kọ bébà lórí ẹjọ́ yìí gan-an, tí ó fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ìlà kan náà yẹn ni yóò sábà rí gbà, tàbí kí ó má gbọ́ nǹkan kan rárá. Kò ní mọ̀ bóyá àlàyé rẹ̀ ni kò dúró, tàbí ọ̀rọ̀ ogún ilẹ̀ Yorùbá ni kò wù wọ́n. Bí ó bá fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà àwọn onímọ̀, tí olóòtú sì dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, bákan náà ni. Ìgbéga rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ sì rọ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ìlànà ìròyìn àwọn onímọ̀ ju èkejì lọ: ẹni tí a dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún lè rí ibi tí ó ti ṣìṣe, ó sì lè kọ̀wé sí olóòtú pé ojú ìwé báyìí kò yé ẹni tí ó kà á.

Àwọn olóòtú yóò ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù, àyè kò sí láti kọ ìdí fún gbogbo ènìyàn. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn mẹ́ta tó. Ẹni tí ó bá ti ka iṣẹ́ tán ní ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ná. Bí kò bá sì kà á, ohun tí òǹkọ̀wé ń fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn.