Ohùn Ọ̀rọ̀ àti Ayọ̀ Nínú Orin Aládùúrà

Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn infulẹ́ńsà ń pa ènìyàn, àwọn onígbàgbọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti máa gbàdúrà. Ní 1930, nígbà tí owó kòkó wálẹ̀, ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Òòyè, Iléṣà, fa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Inú irú ìgbà ìṣòro báyìí ni orin Aládùúrà ti gbilẹ̀. Kí ni ó mú kí ó máa tuni lára?

Ní èrò tiwa, ohùn ọ̀rọ̀ wà lára ìdí rẹ̀. Ìtumọ̀ ni ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí a kọ́kọ́ ní, orí ohùn orin Òyìnbó ni a sì gbé wọn lé. Bí ohùn bá gòkè níbi tí kò yẹ, 'ìgbà' lè di 'igbá' létí olùgbọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú orin Aládùúrà ni ó ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ìlù àti àtẹ́wọ́ sì ń gbè é. Ẹni tí ń sọkún lè gbé e láìwo ìwé.

Àwọn kan lè wí pé àwítúnwí inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. A kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí àwítúnwí kan náà ni a ń yìn nínú oríkì. Lóòótọ́, ìgbàgbọ́ ni orísun ayọ̀ náà, kì í ṣe ohùn. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tí ó bá fi èdè ẹni sọ̀rọ̀ a máa tètè wọni lọ́kàn.

Àwọn ọmọ tí à ń kọ́ ní Ìlọràá ń kọ irú orin wọ̀nyí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí a má ṣe tì í mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nígbà tí a bá ń kọ́ wọn ní ewì alohùn.