Ìṣirò Tó Wà Lẹ́yìn Aṣọ Ìtàgé

Ní ọdún 1944, ìjọ Aládùúrà kan ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta ń wá owó tí wọn yóò fi kọ́ ilé ìjọsìn. Wọ́n bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́pàá kan, Hubert Ògúndé ọmọ Ọ̀sọ́sà, pé kó bá wọn ṣe eré olórin. Eré ọgbà Édẹ́nì ló gbé kalẹ̀ fún wọn ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Ní 1945 ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀. Bí tíátà alárìnkiri tí àwọn òbí wa mọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ sì ni ọ̀rọ̀ owó ti wà nínú rẹ̀.

Bí a bá dárúkọ Ògúndé, Dúró Ládipọ̀, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Oyin Adéjọbí, orin wọn, ijó wọn àti ọ̀rọ̀ ẹnu wọn la máa ń yìn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Apá kejì iṣẹ́ náà, tí òǹwòran kì í rí, ni èmi fẹ́ yìn: bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó, bí wọ́n ṣe ń to ìrìn àjò, bí wọ́n ṣe ń kó odidi ẹgbẹ́ láti ìlú dé ìlú láìsí ìjọba tó ń san owó oṣù wọn. Ohun tí òǹwòran bá san lẹ́nu géètì ni wọ́n fi ń jẹun, òun ni wọ́n fi ń ra epo ọkọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe eré tuntun.

Kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, ẹnì kan ti lọ ṣáájú. Òun ni yóò rí ẹni tó ni gbọ̀ngàn, ì báà jẹ́ gbọ̀ngàn ìlú, ilé ẹ̀kọ́ tàbí àgbàlá òtẹ́ẹ̀lì, tí yóò sì san àsansílẹ̀. Òun ni yóò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, tí yóò lẹ pósítà, tí yóò sì kí àwọn àgbà ìlú. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ là, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí. Ṣé ẹgbẹ́ mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe eré níbẹ̀? Ṣé wọ́n ti san owó kòkó fáwọn àgbẹ̀? Ṣé oṣù ti parí tí àwọn òṣìṣẹ́ ti gbowó? Ṣé oṣù ààwẹ̀ kò ní bá wọn lójú ọ̀nà? Ìdáhùn tó bá mú wá ni ọ̀gá yóò fi pinnu ìlú tí wọn yóò kọ́kọ́ yà sí àti èyí tí wọn yóò gbà kọjá nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀, kí epo má baà ṣòfò. Bí wọ́n bá dorí kọ Òkè Ọya, Jos, Kàdúná àti Sábọ́ngàrì Kano ni wọ́n ń fojú sí, níbi tí àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ti ń retí ohùn ilé.

Bọ́ọ̀sì náà kì í gbé èèyàn nìkan. Aṣọ ìtàgé, igi tí wọn yóò fi kan pèpéle, jẹnẹrétọ̀, gbohùngbohùn, ìlù àti àpótí aṣọ eré, gbogbo rẹ̀ ló ń bá wọn lọ. Wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ gàdàgbà sí i lára, nítorí ọkọ̀ náà ni yóò ṣe kàǹpéènì nígbà tí wọ́n bá délẹ̀. Lọ́sàn-án, wọn yóò gbé e yí ìlú po pẹ̀lú ìlù àti gbohùngbohùn, wọn yóò máa pe orúkọ eré, ibi tí wọn yóò ti ṣe é àti iye tí wọn yóò gbà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, inú gbọ̀ngàn kan náà tí wọ́n ti ṣeré ni ọ̀pọ̀ wọn yóò tẹ́ ẹní sí, kí owó ilé àlejò má baà gba èrè lọ́wọ́ wọn.

Ẹnu géètì ni ìdánwò gan-an wà. Ẹni tí ọ̀gá fọkàn tán ló ń jókòó ti tíkẹ́ẹ̀tì, lọ́pọ̀ ìgbà ìyàwó rẹ̀ ni. Ẹni tó ń ná owó ìwọlé wá, ẹni tó ní òun mọ onígbọ̀ngàn wá, àwọn ọmọdé tó fẹ́ yọ́ wọlé náà kò gbẹ́yìn. Olùta tíkẹ́ẹ̀tì ní láti fọgbọ́n dá gbogbo wọn lóhùn láìbínú, kí orúkọ ẹgbẹ́ má baà bàjẹ́ nílùú tí wọn yóò tún padà wá. Lẹ́yìn eré, wọn yóò yọ owó gbọ̀ngàn, ti epo, ti oúnjẹ àti ti àwọn òṣèré. Ohun tó bá kù ni wọ́n ń fi tún ọkọ̀ ṣe. Òjò kan ṣoṣo lè sọ gbogbo ìṣirò yẹn di asán.

Àwọn obìnrin ni mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà eré Tiger's Empire ní 1946, Ògúndé gbé orúkọ àwọn obìnrin jáde gẹ́gẹ́ bí òṣèré tó ń fi eré ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá ti kọ́ṣẹ́ tán, ilé ọkọ lè gbà á lọ. Fífẹ́ tí Ògúndé fẹ́ àwọn òṣèré rẹ̀ ló fi yanjú èyí: ilé di ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ di ilé. Ó jẹ́ kí iṣẹ́ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, àmọ́ orí àwọn obìnrin náà ni ẹrù wà. Wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń dáná, wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tọ́mọ lójú ọ̀nà.

Oníkálukú ló ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ilé ọtí tí Ládipọ̀ ní ní Òṣogbo ló di gbàgede àṣà Mbárí Mbáyọ̀ ní 1962, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti gbilẹ̀ kí eré Ọba Kò So tó gbé e dé Berlin ní 1964. Ògúnmọ́lá rí ìrànlọ́wọ́ owó gbà láti ọwọ́ àjọ Rockefeller, ó sì lo oṣù mẹ́fà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ibẹ̀ ni eré Lánke Ọ̀mùtí ti jáde ní 1963. Adéjọbí gbé Kóòtù Aṣípa sórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn mìíràn ń ta àwo orin, tàbí kí wọ́n gbà kí ìwé ìròyìn Atọ́ka fi fọ́tò sọ eré wọn. Kò sí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ọdún 1964 fi ohun tí ìṣirò yìí wúlò fún hàn. Lẹ́yìn tí Ògúndé ṣe eré òṣèlú Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè é pé kò gbọ́dọ̀ ṣeré ní gbogbo agbègbè náà. Ọjà rẹ̀ tó tóbi jù ni wọ́n tì mọ́ ọn lójú yẹn. Síbẹ̀ Èkó kò sí lábẹ́ ìjọba náà, Òkè Ọya ń bẹ, ọkọ̀ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi eré Òtítọ́ Korò fèsì. Ìgbà tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966 ni òfin náà tó kúrò, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì tú ká. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba kò ní lè sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó sì tún máa bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí sinimá dé, wọ́n gbé ọgbọ́n ìrìn àjò kan náà wọ inú rẹ̀. Fíìmù Ayé tí Ògúndé ṣe ní 1979 mú èrè wá. Ọ̀run Móorú tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sálà wa, ṣe ní 1982 bọ́ sọ́wọ́ àwọn olè tó ń dà á kọ, gbèsè sì wọ ọ̀gá aláwàdà náà lọ́rùn. Fíìmù kò ní ẹnu géètì kan ṣoṣo tí ẹni tí a fọkàn tán lè jókòó tì.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ń fi owó ara wọn gbé eré kalẹ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn. Wọ́n ń háyà gbọ̀ngàn, wọ́n ń ra dísẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń wá onígbọ̀wọ́. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tíátà ní àwọn yunifásítì wa yóò ṣe wọ́n lóore ńlá bí wọ́n bá ń kọ́ wọn ní ìṣirò àwọn àgbà yìí pẹ̀lú orin wọn, tí wọ́n sì kó àwọn pósítà àti àjẹkù tíkẹ́ẹ̀tì pamọ́ bí wọ́n ṣe ń kó ìwé eré pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yin Ògúndé dópin, kó yin ẹni tó ṣáájú bọ́ọ̀sì lọ àti obìnrin tó jókòó ti géètì, nítorí iṣẹ́ wọn ló sọ ohùn rẹ̀ di ohùn tí ẹnikẹ́ni kò lè rà.