Igi Tó Yọ̀ Lára Ògiri: Àyẹ̀wò Gbólóhùn Inú Ìṣirò Àtijọ́ Kan

Ẹni tó bá ti kọ́ ìṣirò kọjá ìròpọ̀ àti ìyọkúrò yóò ti pàdé àkàsọ̀ tó fara ti ògiri. Àkàsọ̀ náà gùn tó báyìí, orí rẹ̀ yọ̀ wálẹ̀ tó báyìí. Báwo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣe jìnnà sí ògiri tó? Ìbéèrè yìí ti wà láyé fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kí wọ́n tó bí Pythagoras, ará Gíríìkì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òfin tó ń dáhùn rẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ńbà ni àwọn olùkọ́ máa ń kà á sí. Ó tọ́ kí á kà á sí ọ̀rọ̀ kíkọ pẹ̀lú, nítorí pé ibi tó ti ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà kò sí nínú òfin náà. Inú gbólóhùn ìbéèrè ló wà, ó sì ń bá gbólóhùn náà wọ èdèkédè tí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ sí.

Òfin náà kò le. Bí ògiri bá dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, igun tí àwọn méjèèjì fi pàdé yóò ṣe déédéé bí igun ìwé. Igi tó fara ti ògiri ni ẹ̀gbẹ́ kẹta, òun ló sì gùn jù. Bí a bá sọ gíga tí orí igi dé di púpọ̀ lọ́nà iye ara rẹ̀, tí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún àyè tó wà láàárín ẹsẹ̀ igi àti ògiri, tí a sì ro méjèèjì pọ̀, ohun tí yóò jáde ni gígùn igi náà lọ́nà iye ara rẹ̀. Bí igi ṣe ń yọ̀, gíga ń dín, àyè ìsàlẹ̀ ń pọ̀, ṣùgbọ́n igi kò gùn sí i, kò sì kúrú. Èyí nìkan ni kì í yí padà.

Wàláà amọ̀ kan wà ní ilé àkójọ ohun àtijọ́ ti British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ BM 85196. Àwọn ará Bábílónì ló kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1800 sí 1600 ṣáájú ìbí Jésù. Ìbéèrè inú rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ: igi gbọọrọ kan gùn ní 30, lókè, ó fi 6 wálẹ̀, nísàlẹ̀, èló ni ó fi jìnnà? Ìdá ọgọ́ta ìwọ̀n wọn ni 30 náà, igi ọ̀hún sì tó nǹkan bíi mítà 3. Ìdáhùn rẹ̀ mọ́ gaara. 30 lọ́nà 30 jẹ́ 900. Yọ 6 kúrò nínú 30, ó ku 24. 24 lọ́nà 24 jẹ́ 576. Yọ ọ́ kúrò nínú 900, ó ku 324, tí í ṣe 18 lọ́nà 18. Ẹsẹ̀ igi ti fi 18 jìnnà. Akọ̀wé náà kò dúró síbẹ̀. Ó yí ìbéèrè náà po: bí ẹsẹ̀ bá fi 18 jìnnà, èló ni orí yóò fi wálẹ̀? Ó tún rí 6. Ìwé ìṣirò tó ń yẹ ara rẹ̀ wò báyìí kò pọ̀, kódà láyé òde òní.

Síbẹ̀ ohun kan ṣẹ́ kù tí kò sọ. Ìdí wo ló fi yọ 6 kúrò nínú 30? Nítorí pé igi náà ti kọ́kọ́ dúró ṣánṣán, tó lẹ̀ mọ́ ògiri látòkè délẹ̀, kí ó tó yọ̀. Gbólóhùn ìbéèrè kò wí bẹ́ẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ewu wà fún ẹni tó ń kọ ọ́ ní Yorùbá, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni “fara ti.” Ohun tó bá sì fara ti ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nídìí ògiri ná. Kí a mú igi 30 kan náà, kí a gbà pé ó ti fara ti ògiri, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti jìnnà ní 18, tí orí rẹ̀ wà ní 24. Kí orí fi 6 wálẹ̀. Gíga di 18, àyè ìsàlẹ̀ di 24: ẹsẹ̀ kò sún ju 6 péré lọ. Igi kan, 6 kan, ìdáhùn méjì, 18 àti 6. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mú 6 wá kò ṣìṣe nínú ìṣirò. Ó ka Yorùbá bí Yorùbá ti rí. “Igi kan dúró ṣánṣán, ó lẹ̀ mọ́ ògiri” ni ó yẹ kí ìbéèrè náà fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré mìíràn tún wà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ti kọ́kọ́ gbọ́ irú ìbéèrè yìí ní èdè Faransé, níbi tí “de” àti “à” ti ya wíwálẹ̀ ní 6 sọ́tọ̀ kúrò lára wíwálẹ̀ dé 6. Bẹ́ẹ̀ rèé, gbólóhùn tó tẹ̀ lé èdè Faransé lẹ́sẹẹsẹ, “orí rẹ̀ wálẹ̀ ní mítà 6,” kò yà wọ́n rárá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbà pé orí igi 30 náà wá dúró síbi tó fi 6 ga sí ilẹ̀, 36 ni yóò yọ kúrò nínú 900, tí ẹsẹ̀ igi yóò sì jìnnà ní ohun tó lé díẹ̀ ní 29. Yorùbá kò ṣe aláìní ohun èlò níbí. “Ó fi 6 wálẹ̀” àti “ó wálẹ̀ dé 6” kò lè dàrú mọ́ ara wọn. Ẹni tó fi “ní” sílẹ̀ tó lo “fi” ti gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe ńlá.

Àbùkù tó tún kù wọ́pọ̀ ju èyí lọ, ó sì ṣòro láti rí. Wàláà mìíràn, BM 34568, tí wọ́n kọ nígbà ìjọba àwọn Seleucid, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn ṣáájú ìbí Jésù, gbé ìféfé etí odò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: orí rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ 3 wálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fi 9 jìnnà; ìféfé náà ti gùn tó? 15 ni, ó sì wá ga ní 12. Ìbéèrè yìí le ju ti ìṣáájú lọ, nítorí pé gígùn náà gan-an ni wọ́n fi pamọ́. Nígbà tó di ọdún 1202, Leonardo ará Písà kọ Liber Abaci, ó sì gbé ọ̀kọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣọ́. Wọ́n fa ìdí rẹ̀ jáde ní 12, orí rẹ̀ fi 4 wálẹ̀.

Kí a to wọn: 6 lókè, 18 nísàlẹ̀, 3 lókè, 9 nísàlẹ̀, 4 lókè, 12 nísàlẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Onígun mẹ́ta kan náà, ti 3, 4 àti 5, ni àwọn akọ̀wé wọ̀nyí ń pa láró onírúurú. Ẹni tó bá ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jade pẹ̀lú òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ: pé ìlọ́po mẹ́ta ohun tí orí fi wálẹ̀ ni ẹsẹ̀ fi ń sún. Irọ́ ni òfin náà.

Igi tó gùn ní 25 ni ó yẹ kí wọ́n ti lò. Ọparun mítà 2 àti ààbọ̀, tí a fi ẹfun pín sí ọ̀nà 25, ti tó. Kí ó dúró ṣánṣán ná. Bí orí rẹ̀ bá fi 1 wálẹ̀, ẹsẹ̀ yóò fi 7 jáde. Kí orí tún fi 4 wálẹ̀, ẹsẹ̀ á fi 8 sún sí i. Kí orí fi 5 wálẹ̀, ẹsẹ̀ á fi 5 sún. Kí orí fi 8 wálẹ̀, ẹsẹ̀ á fi 4 péré sún. Orí ku 7 kó kanlẹ̀; bó bá fi 7 náà wálẹ̀, 1 ni ẹsẹ̀ yóò fi sún. Gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí pé, kò sí ìdá kankan nínú wọn, ẹnikẹ́ni sì lè fi okùn wọ̀n ọ́n lára ògiri kíláàsì. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń sáré, orí tó ń fà, parí pẹ̀lú orí tó ń já bọ́, ẹsẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira.

Ìparí yẹn ló ń dá àwọn ìwé ìṣirò gíga lágara. Wọ́n a ní kí ẹnì kan máa fa ẹsẹ̀ àkàsọ̀ lọ ní ìrìn kan náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ wá sọ bí eré orí rẹ̀ ti tó. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọparun wa bá wà ní 15, eré orí kò tó ti ẹsẹ̀. Nígbà tó bá dé 24, eré orí ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Bó bá sì kù díẹ̀ kó kanlẹ̀, iye tí òfin ń mú jáde kò ní òpin mọ́. Kò sí àkàsọ̀ tó lè sáré bẹ́ẹ̀. Àkàsọ̀ tòótọ́ á ti fi ògiri sílẹ̀ kó tó dé ibẹ̀, òfin Pythagoras kò sì mọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Ìbéèrè ló pàṣẹ fún orí igi pé kó má kúrò lára ògiri.

Gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ yìí, orí àti ẹsẹ̀ igi nìkan ni wọ́n ń béèrè. Wọn kò béèrè àárín rẹ̀. Bí a bá so èédú mọ́ agbedeméjì ọparun 25 náà, tí a sì jẹ́ kí ó yọ̀ láti òkè délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, ìlà tí èédú yóò fà kò tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún: ìdá mẹ́rin òbìrìkìtì ni, tí ibi gbogbo lára rẹ̀ fi 12 àti ààbọ̀ jìnnà sí ìdí ògiri.