Àyè Tí Ẹ̀rọ Fi Sílẹ̀ Lófìfo

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tó ń dáhùn lórí ọjà íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ bi ẹ̀rọ náà léèrè iye ọjà tí ọlọ́jà kò tíì dá owó lé. Bó bá yára dárúkọ iye kan fún yín, ó dájú pé ẹni tó ṣe é kì í ná ọjà.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n so mọ́dẹ́ẹ̀lì èdè, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ tó sì ń kọ ọ́, mọ́ ọjà. Nílé-Ifẹ̀ níbí, ó ti pẹ́ tí àwọn òǹtajà ti ń fi WhatsApp polówó: wọn a ya àwòrán, wọn a kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, wọn a gbé e sí status. Ohun tí à ń ṣe ni kí ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn di ohun tí ẹni tó wà ní Mọdákẹ́kẹ́ tàbí nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAU) lè wá kó sì rí. Mọ́dẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Òkè òkun ló wà, à ń yá a lò ni, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ka owó rẹ̀. API ni alárenà tó wà láàárín: ó gbọ́ tọ̀tún, ó gbọ́ tòsì, ó sì mọ èyí tí kò yẹ kó sọ délé kejì. Alárenà yìí ni mò ń kọ́. Kóòdù rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ìwà ọjà náà ń bẹ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Odò-Ògbè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: “Elubo isu gidi, kongo mewa lo ku, mo wa lodo ogbe, e pe mi.” Mo ti ní kí mọ́dẹ́ẹ̀lì dá a padà bíi JSON, àkọsílẹ̀ tó ní àyè fún orúkọ ọjà, ìwọ̀n, ibi tó wà àti iye owó. Ó kọ “èlùbọ́ iṣu”. Ó kọ “kóńgò 10”. Ó kọ “Odò-Ògbè”. Nígbà tó kan owó, ó kọ null, ìyẹn ni pé òfìfo ni ibẹ̀.

Null yìí ni adùn iṣẹ́ mi. Kì í wá fúnra rẹ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì ni kó máa sọ ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jù lọ kó tẹ̀ lé èyí tó ti wà nílẹ̀. Ó ti ka àìmọye ìpolówó tí owó wà nínú wọn, nítorí náà bó bá ti rí àyè owó báyìí, ọwọ́ a máa yún un. Mo kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé bí ọlọ́jà kò bá dárúkọ owó, kó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀ n kì í fọkàn tán an. Kóòdù mi a tún wá iye tí ẹ̀rọ bá kọ nínú ọ̀rọ̀ tí ọlọ́jà fi ránṣẹ́, bí kò bá sì bá a níbẹ̀, a pa á rẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Mo fi ojú-ewé ọjà rẹ̀ han ìyá ẹlẹ́lùbọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, kí ló dé tí ò kọ owó sí i?”

Mo ní, “Ẹ ò sọ ọ́ fún un ni, mà.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Owó àárọ̀ kọ́ lowó ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá pè mí ni màá sọ ọ́ fún.”

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nídìí kọ̀ǹpútà ti yìn mí rí, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó ìyẹn.

Àwọn tí kò sún mọ́ iṣẹ́ yìí máa ń rò pé mọ́dẹ́ẹ̀lì ló le jù níbẹ̀. Lójú tèmi, lẹ́tà ẹ́ ló le jù. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un. Fóònù kan a mú ẹ, a gbé àmì òkè lé e. Òmíràn a bẹ̀rẹ̀ láti orí e, a fi àmì sí i nísàlẹ̀, a tún fi sí i lókè. Ọ̀kan náà ni lójú wa. Lójú kọ̀ǹpútà, àjèjì ni wọ́n sí ara wọn, ẹni tó bá fi ti fóònù kìíní wá ọjà kò ní rí èyí tí wọ́n fi ti èkejì kọ. Ìlà kóòdù kan tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìyẹn ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo, kó tó wọ ibi ìpamọ́ ló ń yanjú ẹ̀, òun ni mo sì máa ń kọ́kọ́ kọ nínú iṣẹ́ èyíkéyìí. Ó wá ku àwọn tí kì í lo àmì rárá, àwọn ló sì pọ̀ jù. Ẹni tó tẹ “ewa” lè máa wá oúnjẹ, ó sì lè máa wá ìpara. Mọ́dẹ́ẹ̀lì mọ èyí dáadáa, torí ó máa ń wo ọ̀rọ̀ tó yí i ká: bó bá ti rí “ewa oloyin”, kò ní gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn onípara.

Owó ń bẹ nínú àmì wọ̀nyẹn o. Tókìn, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀, ni àwọn tó ni mọ́dẹ́ẹ̀lì fi ń ka owó. Nínú kọ̀ǹpútà, báìtì (ìwọ̀n àyè) kan ni e ń gbà. Márùn-ún ni ẹ́ ń gbà. Gẹ̀ẹ́sì ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe máa gé ọ̀rọ̀, nítorí náà gbólóhùn Yorùbá tó lámì dáadáa a máa jẹ tókìn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹ wá fi ti náírà kún un: nígbà tí oṣù kẹfà ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba, nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Àwọn kan ní kí n yọ àmì kúrò kí owó lè dín. N kò gbà. Ọ̀nà míì wà tí a fi lè ṣọ́wó ná: ìbéèrè bíi “Ṣé ẹ máa ń gbé e dé Lagere?” kò yẹ kó lọ sókè òkun lẹ́ẹ̀mejì, kí a pa ìdáhùn àkọ́kọ́ mọ́ ká tún un lò. Nọ́ńbà fóònù ọlọ́jà ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀ rárá. Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, àmọ́ bí kò tilẹ̀ sí òfin, ta ni í kó nọ́ńbà ìyá oníyàá fún ẹni tí kò mọ̀?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íńtánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bà jẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, íńtánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá rántí ọjọ́ yẹn kò ní kọ́ ọjà tí mọ́dẹ́ẹ̀lì nìkan gbé ró. Tèmi, bí ìdáhùn kò bá dé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, fọ́ọ̀mù lásán ló máa yọ: orúkọ ọjà, ìwọ̀n, ibi tó wà. Kò rẹwà, ọjà sì ń lọ.

Ìlú yìí ti ṣe irú ẹ̀ rí láìsí mọ́dẹ́ẹ̀lì. Ní ọdún 2009, nígbà ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ OAU mẹ́ta, Ayọ̀dèjì Adéwùnmí, Ọlálékan Olúdé àti Ọpẹ́yẹmí Awóyẹmí, dá Jobberman sílẹ̀ kí ẹni tó ń wá iṣẹ́ àti ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ lè máa pàdé. Nínú OAU kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa sọ Yorùbá pẹ̀lú ohùn tó tọ́, kí ariwo ẹ̀rọ onímọ̀ èdè tó gba ìgboro.

Ohùn gan-an ló kù tí mò ń bá wọ̀yá ìjà. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í tẹ nǹkan, ohùn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, Yorùbá Ifẹ̀ sì kún ẹnu wọn. Díẹ̀ ni ohun tí a ní láti fi kọ́ ẹ̀rọ, kódà nínú ọ̀rọ̀ kíkọ: MENYO-20k, àkójọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá tó jáde ní 2021, kò ju nǹkan bí 20,000 gbólóhùn lọ, bẹ́ẹ̀ àkójọ tó lórúkọ ni. Bí ohùn kò bá yé ẹ̀rọ, mo ti ní kó bẹ ọlọ́jà pé kó tún un sọ, kó má méfò. Inú àwọn kan kò dùn sí i. Wọ́n ní àwọn ò lè máa wí tẹnu àwọn lẹ́ẹ̀mejì fún ẹ̀rọ. N kò rí wọn bá wí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba ohùn àwọn tó bá yọ̀ǹda tiwọn sílẹ̀, tí mo sì ń fọwọ́ ara mi kọ ohun tí wọ́n wí, tàmì tàmì.